Láti Ọwọ́ Ọ̀gá sí Ọwọ́ Ọmọṣẹ́

 

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn ohun àjogúnbá ńlá tí ọmọ aráyé ń fi ẹnu àti ìṣe gbé fún ara wọn. Ní 2008, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àgbáyé fún ilẹ̀ mẹ́ta pọ̀: Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Inú ọmọ Kétu dùn, ó sì tọ́ kó dùn. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn kan náà ni wọ́n ti ṣe ìkìlọ̀ kan tí kì í sábà dé agbo ijó: pé ìmọ̀ iṣẹ́ tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ró ń dín kù díẹ̀díẹ̀, àti pé òwò àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè sọ ọ́ di eré lásán tí a ń tà fún àlejò.

Kí ló ń dín kù gan-an? Kì í ṣe aṣọ, ọjà kún fún aṣọ. Kì í ṣe orí igi tí àwọn baba gbẹ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà ní ilé ọnà ní Paris àti London, nínú gíláàsì, níbi tí ikán kò lè dé. Ohun tó ń lọ ni èyí tí kò ṣeé gbé sínú gíláàsì: ohun tí ọwọ́ agbẹ́gilére mọ̀, tí etí onílù mọ̀, tí ojú ìyá aláró mọ̀ nígbà tó bá wo inú ìkòkò aró rẹ̀ tó sì ní, "Kò tíì tó." Bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bá bi í pé kí ló dé tí kò tíì tó, á ní, "Ìwọ náà wò ó." Ọmọ á wò ó. Kò ní rí nǹkan kan.

Ìdí ìkòkò yẹn, níbi tí ìyá aláró àti ọmọ dúró sí, ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà kò fi nǹkan pamọ́, kò sì ṣe ahun. Ohun tó mọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ẹnu rẹ̀ kò rí i mú jáde mọ́.

Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Gary Klein, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ṣe ń pinnu nǹkan ní wàrà-wéré, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1998. Ọ̀gá panápaná kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ilé kan tí iná ń jó ní ilé ìdáná. Wọ́n da omi sí iná náà, kò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Wọ́n fà sẹ́yìn sínú pálọ̀, wọ́n tún da omi sí i, pàbó ni. Ara ọ̀gá náà kò balẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jáde kíá. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí ni ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé wó lulẹ̀. Yàrá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀gá náà kò mọ̀ pé ó wà, inú rẹ̀ sì ni ìdí iná wà.

Nígbà tí wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó ní òun ní ojú inú, pé nǹkan kan máa ń sọ fún òun. Klein kò bá a jiyàn. Ó jókòó tì í, ó ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan: kí lo kọ́kọ́ rí? Kí ló yàtọ̀ sí iná mìíràn? Díẹ̀díẹ̀ ló jáde. Ooru tó wà nínú pálọ̀ pọ̀ ju èyí tí iná ilé ìdáná kékeré máa ń mú wá. Omi kò ran iná náà. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo iná kò sì tó bí ooru rẹ̀ ṣe tó, nítorí pé ilẹ̀ tó nípọn ló bo ohùn rẹ̀. Ohun mẹ́ta. Ara ọkùnrin náà ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹnu rẹ̀ tó mọ orúkọ wọn.

Kò sí ẹni tí kò mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù àwọn zẹ́mìjàn ṣe létí títì á gbé etí sí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan, á ti mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ á wo àwọ̀ irin nínú iná, á mọ ìgbà tó yẹ kó fa á jáde. Ìyá tó ń dín àkàrà á gbọ́ ohùn epo, á mọ̀ pé ó ti tó. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò ran ọmọṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọṣẹ́ jù kọ́ ló ń kọ́ni dáadáa jù nígbà gbogbo. Ọmọṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta lè ṣàlàyé fún ọmọ tuntun ju ọ̀gá lọ, nítorí pé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣubú kò tíì pẹ́ tó fi máa gbàgbé. Ọ̀gá tó gbọ́n á jẹ́ kí ó ṣàlàyé, á sì jókòó sítòsí láti gbọ́ ọ.

A lè bi ọ̀gá ní ìbéèrè tó máa mú ìmọ̀ náà jáde. Kì í ṣe "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?", nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò ju "Ẹ máa wò mí" lọ. Ẹ bi í nípa ọjọ́ kan pàtó: "Bàbá, nígbà tí igi kan bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, kí lẹ kọ́kọ́ rí? Ibo ni ẹ ti mọ̀ pé kò ní dára? Ká ní ọmọṣẹ́ ló wà níbẹ̀, kí ni kò ní kíyè sí?" Bí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọjọ́ yẹn, ìmọ̀ á máa jáde láìmọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ohun tó kéré lójú rẹ̀ débi pé kò rò pé ó yẹ ní sísọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba wa kò mọ bí a ṣe ń to ẹ̀kọ́. Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì kan tó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìpele iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́: wọ́n á fi àáké àti irin ńlá lé e sára igi, títí ibi orí, ibi ọrùn àti ibi ara á fi yọ gbàgàdà. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e: wọ́n á tún un lé, ojú, imú àti etí á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Dídán ni ìkẹta, tí ara igi á fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ilà ojú, irun orí, gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tí abẹ máa ń fà. Orúkọ lè yàtọ̀ láti Èkìtì dé Kétu, ṣùgbọ́n igi kò mọ ààlà. Ẹni tó bá gé imú orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kúrò kí àkókò rẹ̀ tó tó, kò sí bó ṣe máa lẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ wo ibi tí ọmọ tuntun ti ń wọlé sínú iṣẹ́ náà. Ọ̀nà lílé kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá ló ń ṣe é, nítorí pé ẹẹ̀kan péré tí àáké bá ṣìnà, gbogbo igi ti lọ. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe kò ti lè ba nǹkan ńlá jẹ́: dídán, fínfín àwọn ibi tó rọrùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á máa fà á bọ̀ síwájú, títí di ọjọ́ tí wọ́n á gbé igi tútù lé e lọ́wọ́ pé kó lé ọ̀nà sí i fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ wá síwájú.

Ohun kan náà ni Jean Lave rí nílùú Monrovia ní Làìbéríà ní àwọn ọdún 1970. Obìnrin ará Amẹ́ríkà ni, ó ń ṣe ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń kọ́ nǹkan, ó sì lọ jókòó ti àwọn aránṣọ Vai àti Gola nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án: bí a ṣe ń lọ aṣọ, bí a ṣe ń ran bọ́tìnnì, bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ ìyẹn, wọ́n á jẹ́ kó máa rán awẹ́ aṣọ pọ̀. Gígé ló kẹ́yìn pátápátá. Bákan náà ni wọ́n ṣe to irú aṣọ tí ó ń rán: fìlà àti ṣòkòtò péńpé ọmọdé ló kọ́kọ́ rán, lẹ́yìn náà ló kan aṣọ tí àgbà ń wọ̀ lójoojúmọ́, aṣọ òde olówó ńlá sì ni òkè téńté.

Ẹni tó bá ti ilé-ìwé Faransé jáde lè rò pé orí kọ́ ni wọ́n fi ṣe ètò yìí, nítorí pé ní ilé-ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń lọ sí òpin. Orí pípé ni wọ́n fi ṣe é. Bí ọmọ bá ran bọ́tìnnì wọ́, a ó tú u, òwú díẹ̀ ló ṣòfò. Bí ó bá gé léèsì oníbàárà wọ́, owó ti wọgbó, oníbàárà ti lọ, ọmọ náà á sì máa bẹ̀rù sísọ́ọ̀sì fún oṣù mẹ́fà. Èyí nìkan kọ́. Ọmọ tó ti ṣẹ́ etí ọgọ́rùn-ún ṣòkòtò ti fi ọwọ́ kan ọgọ́rùn-ún ṣòkòtò tó pé. Ó ti mọ ibi tí awẹ́ kan ti pàdé èkejì, ó ti mọ ibi tó máa ń fún ènìyàn nítan. Nígbà tí wọ́n bá fún un ní aṣọ pé kó gé, ó ti mọ ohun tí gígé náà ń lọ dà.

Irú ètò yìí wà nídìí Ifá náà. Ọmọ awo kò bẹ̀rẹ̀ láti orí igba Odù ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún ló kọ́kọ́ ń dá mọ̀ lórí ọ̀pẹ̀lẹ̀, kó tó kan àwọn ọmọ Odù, ẹsẹ̀ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ yìí lè gba ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gùn, àmọ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lónìí. Bàbá ọmọ á san owó ìwọṣẹ́, á gbé igò ọtí àti ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Ọdún kìíní á lọ lórí ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn, oúnjẹ rírà, àti ọmọ ọ̀gá ní pípọ̀n. Iṣẹ́ ilé kò burú. Ọmọ tí kò lè gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní lè to irin iṣẹ́ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan bá kọjá tí ọmọ kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kì í ṣe ọmọṣẹ́. Títí di ọjọ́ kan, nígbà tí ọdún ku ọ̀la tí iṣẹ́ sì di òkìtì, ọ̀gá á ju sísọ́ọ̀sì sí i pé kó gé. Ó gé e wọ́, wọ́n nà án. Ìgbésẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín ilẹ̀ gbígbá àti aṣọ gígé kò sí níbẹ̀, ẹni tó sì jẹgba kọ́ ló yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n lọ gun zẹ́mìjàn ní Kutọnu, ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Wọn kò rí i pé àwọn ń lọ síbì kankan ni.

Àwọn àgbà kan á ní, "Kó ṣáà ti pé ọdún márùn-ún, á mọ̀ ọ́n." Iye ọdún nìkan kì í sọni di ọ̀gá. Ní 2005, wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà tó kó nǹkan bí ọgọ́ta ìwádìí jọ lórí àwọn dókítà. Nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ, bí ọdún dókítà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìtọ́jú rẹ̀ tàbí ìmọ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìrírí kò dára. Ẹni tí a fún ní ìwé ẹ̀rí ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Anders Ericsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èyí. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1993 lórí àwọn tó ń ta fayolín ní Berlin ni àwọn ènìyàn fi ń pariwo káàkiri pé wákàtí 10,000 ló ń sọni di ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe iye wákàtí, bí kò ṣe ohun tí a ń ṣe nínú rẹ̀: kí a mú ibi kan ṣoṣo tí a kò tíì mọ̀, kí a máa gbìyànjú rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa tọ́ wa sọ́nà lójú ẹsẹ̀. Onílù kankan kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Berlin wá sọ èyí fún un. Ọmọ tó ń lu ohun tó ti mọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, eré ló ń ṣe. Èyí tó ń kọ́ṣẹ́ ni ẹni tí baba rẹ̀ dá dúró tó ní, "Ibẹ̀ yẹn, tún un lù," tó tún un lù lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí wọ́n tún dá dúró. Ẹkún á sún mọ́ tòsí. Àmọ́ nígbà tí eléré bá ń jó bọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, inú ara ọmọ ló ń lọ. Ìdajì tó kù ni ohun tí a ń gbé síta, sí ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, kí orí má bàá dá gbogbo ẹrù gbé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé ìwé ìrántí wà fún ẹni tí kò mọṣẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ní Dayton ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfurufú ogun tuntun kan gbéra, ó já, ó sì gbiná. Awakọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tó mọṣẹ́ jù nílẹ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbàgbé láti ṣí ohun tí wọ́n fi ń ti ìrù ọkọ̀ náà mọ́ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Àwọn ológun kò ní kí awakọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìwé pélébé kan ni wọ́n kọ: kí o tó gbéra, wo èyí, wo èyí, wo èyí. Títí dòní, awakọ̀ kankan kì í gbéra láìka irú ìwé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó.

Àjọ ìlera àgbáyé gbé irú rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun 19 ló wà lórí rẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo: ta ni aláìsàn yìí, ibo ni a fẹ́ là, ṣé kánrinkán àti abẹ́rẹ́ pé lẹ́yìn tí a parí? Láàárín 2007 sí 2008, wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, láti London àti Toronto títí dé Ifakara ní Tanzania. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, aláìsàn 15 ló ń kú nínú 1,000. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 8. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀, kò sí dókítà tuntun.

Ìyá tó ń fi èédú fa ilà sára ògiri láti ka gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀, ìwé ìrántí ló kọ yẹn. Aránṣọ tó ń kọ ìwọ̀n èjìká àti ìbàdí sínú ìwé kékeré ti mọ̀ pé kò yẹ kí orí gbé gbogbo rẹ̀. Ó kù kí ó lẹ páálí kan mọ́ ògiri, lókè tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ: ṣé a ti ka ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀mejì? Ojú aṣọ ńkọ́, ṣé òun ló wà lókè? Ṣé òdòdó ara aṣọ kọjú sí ibì kan náà? Ṣé a fi ti rírán sílẹ̀? Fún ọmọ tí kò mọ̀wé, àwòrán á ṣe é. Agbẹ́gilére lè tọ́jú igi kéékèèké mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí ìpele tirẹ̀, kí ọmọ lè gbé tirẹ̀ tì í wò kó tó pe ọ̀gá. Mẹkáníìkì lè fi fóònù ya bí nǹkan ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì kó tó tú u. Kò sí èyí tó gba owó ìjọba nínú wọn.

Ní ti ìjọba, ó ti ṣí ilẹ̀kùn kan. Láti 2005 ni òfin ti fún àwọn ọmọṣẹ́ ní Benin ní ìwé ẹ̀rí méjì, CQP àti CQM. CQP wà fún ọmọ tó ti kàwé díẹ̀: ọdún mẹ́ta ni, lọ́dọ̀ ọ̀gá ló máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, á sì máa yọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. CQM wà fún ọmọ tí kò kàwé tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí kò lọ ilé-ìwé rárá. Ohun rere ni, ó sì yẹ kí àwọn aláṣẹ tó wà níbí máa jẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ nípa rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ihò kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, Faransé ni wọ́n fi ń pe irin iṣẹ́ fún un. Ọjọ́ yòókù, Yorùbá ni. Kò sí ẹni tó so méjèèjì pọ̀, ọmọ á sì máa rò pé iṣẹ́ méjì ni òun ń kọ́. Ìwé pẹlẹbẹ kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó ní àwòrán irin iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá bí àwọn ọ̀gá Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ṣe ń pè é, àti ní Faransé, á dí ihò yẹn. Àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá wà ní gbogbo kọ́múùnù wa. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ jiyàn pé ṣé ɛ ti Benin ni ká fi kọ ọ́ tàbí ẹ ti Nàìjíríà, kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ ná.

Ẹ̀rù kan wà tí àwọn ọ̀gá kì í sọ ní gbangba, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́: "Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ hàn án, òla ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ mi." Òtítọ́ wà níbẹ̀. Oníbàárà kò pọ̀, ebi kì í sì í ṣe àròsọ. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí a máa bẹ ọ̀gá pé kó kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àṣà. Bí ẹgbẹ́ tàbí kọ́múùnù bá fẹ́ kí ọ̀gá kan jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan láti sọ ohun tó mọ̀, kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ yẹn fún un, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé náà. Ní ti awo, kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá àti àwọn tó ni ín, kó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dán igi kì í ṣe awo.

Ohun tó ṣeé ṣe kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ mú agbẹ́gilére kan ṣoṣo, èyí tó dàgbà jù. Kí ọ̀dọ́ méjì lọ bá a ní àárọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú fóònù àti ìwé, nígbà tí igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n má da ìbéèrè bò ó. Ibi tó bá ti dáwọ́ dúró, tó yí igi padà tàbí tó pààrọ̀ irin, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bi í pé, "Bàbá, kí lẹ rí?" Kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n kà á sí i létí. Á bínú sí ibì kan, á rẹ́rìn-ín sí ibì kan, á tún ibi tó kù ṣe. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún ọmọṣẹ́ kan ní igi àti ìwé náà, kí ọ̀gá jókòó láìsọ̀rọ̀. Ibi tí ọmọ náà bá ti gbé irin sílẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀gá, ibẹ̀ ni kí wọ́n fi àmì sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tí ọ̀gá kò tíì sọ wà. Kí wọ́n padà lọ bi í.